Òǹkà Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Kà

Ìgbà mẹ́tàdínlógójì ni mo ti jẹ́ kí Veera rì sómi.
Iṣẹ́ mi nìyẹn.
Òkè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́ kan ni ilé-iṣẹ́ wa wà ní Tampere,
ènìyàn mẹ́sàn-án, fèrèsé méjì.
Èmi ni wọ́n ń sanwó fún láti rin gbogbo ọ̀nà
tí àwọn yòókù ti là sínú géèmù,
kí n wo ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wọ inú ògiri lọ,
ibi tí òkú ti ń dìde sọ̀rọ̀
nítorí pé ẹnìkan gbàgbé láti pa á tán.

Ìtàn náà rèé:
adágún ti dì, ilẹ̀ ti ṣú,
ìwọ àti àbúrò rẹ ń sọdá lórí yìnyín.
Yìnyín sán pàrà. Ọ̀rọ̀ méjì yọ:
Dì í mú. Fi í sílẹ̀.
Kò sí aago tó ń lé ọ.
Bí o bá dì í mú, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò kù sí ọ lọ́wọ́.
Bí o bá fi í sílẹ̀, wàá rí ìbọ̀wọ́ náà lórí yìnyín láàárọ̀.
Omi kan náà. Òkú kan náà.
Àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà;
wọn ò sọ fún wa pé ọjà náà
ti tú kí a tó gbéra nílé.

Sanni ló kọ ọ́. Mo bi í nídìí ẹ̀rọ kọfí pé:
"Ṣé irọ́ kọ́ lèyí?"
Ó fẹ́ atẹ́gùn sí kọ́ọ̀pù rẹ̀.
"Owó tí a ó fi ya Veera bó bá dàgbà," ló wí,
"ti tán láti oṣù Kẹsàn-án."

Lọ́jọ́ Sátidé, Tauno bàbá mi wá kí mi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ tó ń gbá òjò dídì kúrò lójú títì.
Ó ní kí n fi ohun tí mo fi ń jẹun han òun.
Mo gbé páàdì lé e lọ́wọ́, ó gbá a mú bí ẹni gbá ẹyin mú.
Nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì náà yọ,
ó kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì,
ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi kun irùngbọ̀n rẹ̀,
bí ẹni tó padà síbi tí a ti ń kúnlẹ̀ yan
láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba ti àtijọ́ padà.
Ẹnu ń yún mi:
Bàbá, kò já mọ́ nǹkan. Tẹ èyí tó bá wù yín.
N kò sọ ọ́.
Ó dìde, ó lọ ń gbọn òjò dídì kúrò lára bàtà tó ti gbẹ tipẹ́.
Ó padà wá. Ogójì ìṣẹ́jú.
Veera ṣì ń mí ní gbogbo àkókò yẹn,
torí pé kò sẹ́ni tó tíì tẹ nǹkan kan.

Ó tẹ Dì í mú.
Ìbọ̀wọ́ bọ́.
"Ó dára," ló wí, ohùn rẹ̀ há. "Ó kéré tán, ó mọ̀."
N kò bi í pé ta ló mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo ṣí ikùn géèmù náà.
Òǹkà kan wà níbẹ̀: òdo, bí o bá fi í sílẹ̀;
ení, bí o bá dì í mú.
Ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sílẹ̀ tọkàntọkàn,
ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé òpin ìtàn, kò síbi tí a ti kà á.
Kò ṣí ilẹ̀kùn. Kò yí gbólóhùn kan padà lẹ́nu ẹnikẹ́ni.
Òfin ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé àṣìṣe:
òǹkà aláìwúlò, ẹ yọ ọ́.

Mo kọ ọ́ dé ìdajì.
Nísàlẹ̀, ọkọ̀ kan ń gbá òjò dídì,
òmíràn ń já bọ́ síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.
Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà kejìdínlógójì,
níbi tí Veera ti ń bi mí pé ṣé yìnyín yìí le tó,
tí mo sì ní láti yan ohun tí n ó fi dá a lóhùn.